Ìdí tí rédíò Amẹ́ríkà fi ń kó orin Kérésìmesì bò wá láti oṣù Kọkànlá

Ẹ tan rédíò mọ́tò ní Houston tàbí Chicago ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kọkànlá. Ìkànnì tó ń gbé orin ìfẹ́ àti orin àtijọ́ lánàá ti yí padà mọ́jú. Orin Kérésìmesì ló ń lọ níbẹ̀. Òun náà ni yóò máa lọ ní agogo méjì òru, òun ni yóò máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni yóò máa lọ títí ilẹ̀ ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá yóò fi ṣú. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹni tó fẹ́ràn ọdún bí ojú gan-an á ti máa wá bọ́tìnnì tí yóò fi pa á.

Oríṣiríṣi ẹ̀sùn ni wọ́n ń kà sí àwọn elérédíò lọ́rùn. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Àwọn mìíràn ní àwọn olórin ló ń fowó bọ̀ wọ́n lápò. Àwọn kan ní ó yẹ kí ìjọba dá sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí orin náà fi ń tètè dé wà nínú ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń ka iye etí tó ń gbọ́ rédíò. Ìdí tó sì fi ń tètè sú ènìyàn wà nínú bí wọ́n ṣe ń to orin sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ kò ní mọ ohun tó yẹ kó bèèrè fún.

Ẹ̀rọ tó ń ka etí

Rédíò kì í ta orin, etí ló ń tà. Iléeṣẹ́ tó ń polówó mọ́tò tàbí fìríìjì fẹ́ mọ iye ènìyàn tó máa gbọ́ ìpolówó rẹ̀ kó tó sanwó, kò sì ní gba iye tí rédíò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ. Nielsen ló ń bá wọn kà á ní Amẹ́ríkà lónìí. Ọwọ́ Arbitron ni iṣẹ́ náà wà tẹ́lẹ̀ kí Nielsen tó ra Arbitron ní 2013.

Láyé àtijọ́, ìwé pélébé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé àwọn tí wọ́n bá yàn. Ẹni tó gbà á á máa kọ ìkànnì tó gbọ́ sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ìlú kéékèèké sì ń lo ìwé yìí síbẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá rántí ló máa kọ, tàbí ìkànnì tó wù ú kí wọ́n máa fi mọ̀ ọ́n. Orin tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó jókòó de oníṣègùn eyín, kò ní kọ ìyẹn. Ìwọ̀n mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe lọ́dún nígbà náà, ọ̀sẹ̀ méjìlá-méjìlá, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 48. Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì wà lára ìwọ̀nba tí wọn kì í kà.

PPM ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Portable People Meter ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Philadelphia àti Houston, tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í rọ́pò ìwé ní 2007. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kí ohùn tó ti sítúdíò dé orí òpó, ó máa gba inú àpótí kan kọjá tó ń ki àmì sínú rẹ̀. Àárín ìró 1,000 sí 3,000 hertz ni àmì náà ń sá pamọ́ sí, lábẹ́ ohùn olórin àti ohun èlò orin, tó fi jẹ́ pé etí ènìyàn kì í dá a mọ̀. Ẹni tí Nielsen yàn á wá há ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ra láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn tuntun rẹ̀ ṣeé so mọ́ ọwọ́ bí aago. Ẹ̀rọ yìí ló ń gbọ́ àmì náà tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹni náà á gbé e síbi tó ti ń gba iná, ibẹ̀ ni ohun tó gbọ́ lójúmọ́ á ti lọ bá Nielsen.

Ẹ kíyè sí ohun tí ẹ̀rọ yìí kì í bèèrè. Kì í bèèrè bóyá orin náà wù yín. Kì í bèèrè ẹni tó tan rédíò. Ìkànnì tó ń dún ní ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, nínú táksí, ní ọ́fíìsì ẹnì kejì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń kà. Wọ́n sì pín wákàtí sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀rọ bá gbọ́ ìkànnì kan fún ìṣẹ́jú 5 nínú ìṣẹ́jú 15, ìkànnì náà ló ni gbogbo 15. Láti oṣù Kìíní 2025, wọ́n ti dín in kù: ìṣẹ́jú 3 péré ti tó.

Ẹ wá ro ó wò. Ọ́fíìsì kan ní ènìyàn mẹ́wàá. Ọ̀kan ń fẹ́ orin ìjọ, ọ̀kan ń fẹ́ ráàpù, ọ̀kan ò fẹ́ ju ìròyìn bọ́ọ̀lù lọ. Láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Kẹwàá, ìkànnì kí ìkànnì tí wọ́n bá tàn, ẹnì kan máa ní kí wọ́n yí i. Tó bá di ìgbà Kérésì, orin ọdún ni gbogbo wọn lè fara mọ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ àwọn kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ dìde ní gbangba kó ní kí wọ́n pa orin ìbí Jésù. Orin náà á dúró bẹ́ẹ̀ láti agogo mẹ́sàn-án sí márùn-ún. Bí ẹ̀rọ bá wà lára méjì nínú wọn, wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n jọ kà fún ìkànnì náà. Ohun tó ń gbé e wọlé nìyẹn. Orin tí ènìyàn ń fara dà ń ka iye kan náà pẹ̀lú orin tí ènìyàn ń fi gbogbo ọkàn gbọ́.

Ní ti pé ó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, àfi kí ẹ wo kàlẹ́ńdà Nielsen. Ìwọ̀n 13 ni PPM ní lọ́dún, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Méjìlá ń jẹ́ orúkọ oṣù, ẹ̀kẹtàlá ń jẹ́ Holiday. Ṣùgbọ́n orúkọ oṣù kò bá oṣù náà mu ní kíkún. Ní 2023, ìwọ̀n tí wọ́n pè ní December bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, ó parí ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá. Holiday gbà á níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó parí ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní. Ọdún yẹn, ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ni Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kí orin ọdún bẹ̀rẹ̀. Ìkànnì tó bá dúró dè é ti pàdánù ọjọ́ 14 nínú ọjọ́ 28 ìwọ̀n December. Ìkànnì kejì nínú ìlú náà kò ní dúró dè é. Ọ̀kan tàbí méjì péré ni ìlú kan sábà máa ń gbà, ọwọ́ àwọn olùgbọ́ sì máa ń mọ́ èyí tó bá kọ́kọ́ yí padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sáré ju ara wọn lọ lọ́dọọdún.

Èrè rẹ̀ hàn kedere. WLIT ní Chicago, tó ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, sábà máa ń ju ìlọ́po méjì ìpín tó ń rí láwọn oṣù mìíràn nígbà Holiday. Àwọn ọdún kan wà tí ìpín rẹ̀ kọjá 10 nínú gbogbo 100 tó ń gbọ́ rédíò. Kò sí ètò mìíràn tí olùdarí ètò rédíò lè gbé kalẹ̀ tí yóò ṣe irú ìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Kì í ṣe PPM ló dá àṣà náà sílẹ̀ ṣá o. Àwọn ìkànnì bíi KESZ ní Phoenix ti ń gbé orin Kérésì láti àárọ̀ dé àárọ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, ọ̀pọ̀ ìkànnì mìíràn dara pọ̀ wọ́n sì tètè bẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn ènìyàn ń wá ohun tí yóò tù wọ́n lára. PPM bá a lọ́nà ni, ó sì sọ ọ́ di dandan.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó máa dun àwọn onígbàgbọ́. Ní kàlẹ́ńdà ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Àgùdà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú Kérésì jẹ́ ti Ádífẹ́ńtì, ìgbà ìdúródè. Ọjọ́ 25 gan-an ni ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó sì ń lọ fún ọjọ́ 12, títí di àjọ̀dún Ìfihàn ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní. Rédíò dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó fi gbogbo ìgbà ìdúródè kọrin ọdún, nígbà tí ọdún sì dé, ó pa á. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tó ń polówó ọjà ti tà tán, ẹni tó ń rajà kò sì sí lọ́nà mọ́.

Orin mélòó ni wọ́n ní gan-an?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ara wa gan-an, torí ẹni tó ní òun kórìíra orin Kérésì, lọ́pọ̀ ìgbà, àtúnṣe lemọ́lemọ́ ló kórìíra.

Ẹ jẹ́ ká fi iye tó rọrùn ṣírò rẹ̀. Nínú wákàtí kan, ká yọ ìṣẹ́jú 15 fún ìpolówó àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ku 45. Ká ní orin kan ń gba ìṣẹ́jú 3, a jẹ́ pé orin 15 ni wákàtí kan ń gbà. Ká tún ní rẹ́kọ́ọ̀dù 300 ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá ń gbé wọn ní dọ́gbandọ́gba, wákàtí 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ì bá fi máa padà wá. Wọn kì í gbé wọn bẹ́ẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to orin, bíi Selector tàbí MusicMaster, pín wọn sí ìsọ̀rí. Àwọn tí ènìyàn mọ̀ jù, ká ní 40, á wà ní ìsọ̀rí àkọ́kọ́, wọn á fún wọn ní àyè 8 nínú 15. 40 tí a pín sí 8 jẹ́ 5: wákàtí márùn-ún márùn-ún ni orin kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ń padà. 260 tó kù á wá máa pín àyè 7, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì lò tó wákàtí 37 kó tó tún yọjú.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, tí rédíò yẹn ń dún sí létí fún ọ̀sẹ̀ 6, ó gbọ́ ọ fún wákàtí 240. Orin kọ̀ọ̀kan nínú 40 àkọ́kọ́ yẹn ti dé etí rẹ̀ ní ìgbà 48.

Ìyẹn tilẹ̀ jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan péré. Orin Kérésì ní àrùn tí orin mìíràn kò ní: orin díẹ̀, olórin púpọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti pẹ́ débi pé kò sí ẹni tó ní wọn mọ́. Jingle Bells, fún àpẹẹrẹ, 1857 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọkọ̀ orí yìnyín tí ẹṣin ń fà ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dá lé, kò dárúkọ Kérésì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olórin tó bá fẹ́ ṣe àwo ọdún kò ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó kọ irú orin bẹ́ẹ̀, torí náà gbogbo wọn ló ń kọ ọ́. Ká ní orin kan ní rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́fà nínú 300 wa yẹn, méjì ní ìsọ̀rí àkọ́kọ́, mẹ́rin nínú àwọn tó kù. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdá méjì nínú márùn-ún láti apá kan, ìdá mẹ́rin nínú mẹ́tàdínlógójì láti apá kejì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí méjì méjì. Olùdarí ètò lè bura pé òun kì í gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kankan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní wákàtí márùn-ún, kó sì máa sọ òótọ́. Ẹ̀yin náà lè bura pé orin yẹn ni wọ́n ń gbé ní gbogbo wákàtí méjì, kí ẹ̀yin náà máa sọ òótọ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù ló ń kà, orin lẹ̀ ń kà.

Ètò kọ̀ǹpútà náà ní òfin tó lè dá èyí dúró. Wọ́n lè sọ fún un pé kó fi àlàfo sáàárín orin tí orúkọ wọn bá jọ, ẹnu ẹni yòówù kó ti wá. Ohun tó ń bà á jẹ́ pọ̀. Òṣìṣẹ́ kan lè tẹ orúkọ orin kan ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan pẹ̀lú àmì, ọ̀kan láìsí àmì, kọ̀ǹpútà á sì gbà pé orin méjì ni. Wọ́n lè ṣe òfin àlàfo fún orúkọ olórin kí wọ́n gbàgbé orúkọ orin. Tàbí kí wọ́n ṣe òfin náà dáadáa, ṣùgbọ́n kí orin má tó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kò bá rí orin tó bófin mu, á fi àyè náà sílẹ̀, òṣìṣẹ́ á sì fi ọwọ́ ki èyí tó bá wà nítòsí bọ̀ ọ́.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwọn tó mọṣẹ́ máa ń sá fún, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì kéékèèké sì ń ṣubú sí. Tí ìyípo ìsọ̀rí kan bá jẹ́ wákàtí 4, 6 tàbí 8, ó pín 24 láìkù. Orin tí ẹ gbọ́ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ lónìí á tún dé ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ lọ́la, á dé lọ́túnla, nígbà tí ẹ bá wà ní ìkóríta kan náà tí ẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́. Wákàtí 5 sàn ju 6 lọ fún ìdí yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin ń padà kíákíá: lọ́jọ́ kejì, á ti sún síwájú pẹ̀lú wákàtí kan. Ẹni tó bá ń gbọ́ orin kan náà ní ìkóríta kan náà lójoojúmọ́, kò sí àfọ̀ṣẹ níbẹ̀, ìṣirò ni wọn kò ṣe dáadáa.

Kí ló dé tí wọn kò kúkú fi orin tuntun kún un? Ìdánwò ni wọ́n ń fi yan orin. Wọ́n á kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n á gbé ìṣẹ́jú àáyá 7 sí 10 péré nínú orin kọ̀ọ̀kan fún wọn, wọn á ní kí wọ́n fún un ní máàkì. Orin tí ẹ mọ̀ láti kékeré, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ti tó kí ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Orin tuntun, bó ti wù kó dára tó, kò lè fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá bá ìrántí ìgbà èwe jà. Orin Mariah Carey tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn jáde ní 1994. Oṣù Kejìlá 2019 ló tó dé ipò kìíní lórí Hot 100 ti Billboard, àtẹ àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Ọdún 25.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Zajonc ti fi hàn ní 1968 pé bí ènìyàn bá ṣe ń rí nǹkan lemọ́lemọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń wù ú sí i. Rédíò gbára lé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ń dé, tí yóò wá máa yí padà. Ìlù tó bá dún àdúnjù kò ní pẹ́ ya. Ó sì ti ya rí ní ti gidi: oṣù Karùn-ún 1942 ni Bing Crosby kọ́kọ́ kọ White Christmas sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n sì tẹ àwo láti ara ojúlówó rẹ̀ títí ó fi jẹ. Ní 1947, wọ́n ní láti pe òun àti àwọn tó bá a kọ ọ́ padà kí wọ́n tún un kọ. Èyí tí wọ́n tún kọ yẹn ni ẹ sábà ń gbọ́ lónìí.

Owó àwọn olórin ńkọ́?

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà, láti 1960, kí rédíò gba owó lábẹ́lẹ̀ kó fi gbé orin láìsọ fún olùgbọ́. Ju ìyẹn lọ, olórin tí ohùn rẹ̀ ń dún kì í rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ rédíò orí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ àti ohùn orin nìkan ni rédíò ń sanwó fún, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ mẹ́rin: ASCAP, BMI, SESAC àti GMR. Owó gbogbogbòò ni rédíò ń san, kì í ṣe owó orí orin kọ̀ọ̀kan, nítorí náà orin ọdún kò wọ́n ju orin mìíràn lọ lápò wọn. Rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń sanwó fún olórin pẹ̀lú. Ní Ìlú Ọba, ti àwọn méjèèjì ni rédíò ń san, PRS fún ẹni tó ni orin, PPL fún olórin tí ohùn rẹ̀ ń dún.

Nǹkan mìíràn tó máa ń da àwọn olùgbọ́ rú: ìkànnì tí kò ṣe irú rẹ̀ rí, bóyá ti orin rọ́ọ̀kì, tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ orin Kérésì. Ìyẹn sábà máa ń jẹ́ àmì pé wọ́n fẹ́ yí gbogbo ìkànnì náà padà. Wọ́n ń fi orin ọdún bo ojú ibi tí wọ́n ti ń kẹ́rù jáde ni. Tó bá di ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ẹ lè bá orúkọ tuntun àti orin tuntun níbẹ̀, kí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ sì ti lọ.

Orin inú ṣọ́ọ̀bù

Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń gbé lọ bá rédíò kò kan rédíò rárá. Orin tó ń dún ní ilé ìtajà ńlá sábà máa ń wá láti iléeṣẹ́ tó ń ta orin fún ṣọ́ọ̀bù, irú Mood Media, tó ra Muzak ní 2011. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: kò sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, kò sí ìròyìn, kò sí ìpolówó ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Àkójọ orin rẹ̀ lè kéré ju ti rédíò lọ dáadáa, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀ jù, torí pé oníbàárà lo ogún ìṣẹ́jú ó bá tirẹ̀ lọ, òun wà níbẹ̀ títí di alẹ́. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nírú ibẹ̀, máníjà ló yẹ kó bá sọ̀rọ̀, kó sì bèèrè nǹkan méjì tó ṣeé ṣe: kí wọ́n fi orin ọdún lú orin mìíràn, ká ní ọ̀kan nínú mẹ́ta, àti kí wọ́n rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Rédíò lọ́hùn-ún kì í sábàá fi gbogbo wákàtí 24 jìn fún orin Kérésì. Àdúrà, ìròyìn àti ìkéde ọjà ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n àìsàn àkójọ kékeré yẹn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwo Kérésì tí Boney M. ṣe ní 1981 kò tíì kúrò nílẹ̀. Tó bá sì di pé ọdún fẹ́ parí, Ọdún Ń Lọ Sópin ti CAC Good Women Choir Ìbàdàn ló máa ń gba ojú afẹ́fẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó wà ní òkè òkun tó gbọ́ ọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹni tó wà ní Mọ́kọ́lá tó ń gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lè má sọ bẹ́ẹ̀. Orin kan náà ni.

Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ yín

Ẹ má kọ̀wé sí FCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò ní Amẹ́ríkà. Kì í yan orin fún ìkànnì. Àwọn olùgbọ́ WNCN ní New York ti bá a ṣẹjọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, ilé-ẹjọ́ náà sì dá a láre ní 1981 pé ó lè fi irú orin tí ìkànnì ń gbé sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu.

Ẹ má sì rò pé pípa rédíò mọ́tò yín lásán á dé ọ̀dọ̀ wọn. Àfi tí ẹ̀rọ PPM bá wà lára yín, kò sí ẹni tó mọ̀. Ohun tí wọ́n ń rí kedere ni ti íntánẹ́ẹ̀tì: ẹni tó bá ń gbọ́ ìkànnì náà lórí fóònù, kọ̀ǹpútà wọn ń kọ ìgbà tó wọlé àti ìgbà tó jáde. Tí ẹ bá ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì jáde nígbà tí orin kan náà dé ní ẹ̀ẹ̀kẹta lójúmọ́, ìjáde yín wà nínú àkọsílẹ̀.

Lẹ́tà ló tún dára jù. Olùdarí ètò ni kí ẹ kọ ọ́ sí, orúkọ rẹ̀ sábà máa ń wà lórí ìkànnì ayélujára wọn. Kí ó tó di ìparí oṣù Kẹwàá ni, torí tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún àkójọ tò. Ẹ má kọ ọ́ pé orin ọdún ti sú yín; ó ti gbọ́ ìyẹn rí, PPM sì ń sọ òdìkejì rẹ̀ fún un. Ẹ sọ ọjọ́ orí yín, àdúgbò yín, wákàtí tí ẹ fi ń gbọ́ ọ lójúmọ́ ní oṣù tó kù, àti orúkọ ìkànnì tí ẹ lọ bá lọ́dún tó kọjá àti ọjọ́ tí ẹ lọ. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọjọ́ kan kọ orin sílẹ̀, láti agogo mẹ́sàn-án sí márùn-ún: orúkọ orin, olórin, àsìkò. Ẹ fa ìlà sábẹ́ orin tí orúkọ wọn jọ. Kí ẹ wá bèèrè pé kí wọ́n fi àlàfo wákàtí mẹ́ta ó kéré tán sáàárín orin tí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, ẹnu ẹni yòówù kó ti jáde, kí wọ́n sì gbé orin tí wọ́n ń gbé lójoojúmọ́ sórí HD2, ìkànnì kejì wọn tí rédíò díjítà ń gbà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà. Àlàfo yẹn kò ju nọ́ńbà kan lọ tí òṣìṣẹ́ á yí padà nínú ètò kọ̀ǹpútà, kò sì ní gba etí kan lọ́wọ́ wọn.